Wọ́n dá páálí mi dúró ní London, wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá sanwó: ta ló jẹ̀bi?

Ìbéèrè:

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará wa. Lugbe ni mò ń gbé níbí ní Abuja, aṣọ ni mò ń rán. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní kí n fi kàfútáànì mẹ́fà ránṣẹ́, òun á bá mi tà á fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun, mo wá tún fi èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ìrú àti kilíṣí díẹ̀ sí i. Éjẹ́ǹtì tó bá mi gbé e ní kí n kọ "gift" sí ara ìwé, kí n sì kọ £30 sí iye rẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń ṣe é. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti di ọjọ́ kẹsàn-án báyìí tí wọ́n ti dá páálí náà dúró, wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó mú risíìtì wá, kó sì múra owó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń bínú sí mi, èmi ń bínú sí éjẹ́ǹtì, éjẹ́ǹtì ní kọ́sítọ́ọ̀mù ni kí n bínú sí. Ta ló jẹ̀bi nínú wa? Páálí kejì ṣì wà nílé mi, ṣé kí n fi ránṣẹ́ àbí kí n tú u?

*

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Láti 2014 ni mo ti ń bá àwọn èèyàn di ẹrù ní Wuse, irú lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n yín gbà yẹn, mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, torí náà ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀: iye tí ẹ kọ síbẹ̀ ló dá páálí yín dúró. Kàfútáànì mẹ́fà tuntun, tí wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá, sáìsì wọn ò dọ́gba, M wà níbẹ̀, XXL wà níbẹ̀, ta ló máa tú irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó máa gbà pé ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ẹnì kan ni, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ £30?

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀bùn ò ta kókó. Ohun tí èèyàn kan rà fún èèyàn kan, torí ọjọ́ ìbí tàbí ọdún tàbí ayẹyẹ, tí ẹni tó gbà á máa lò ó fúnra rẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn. Tó bá jẹ́ £39 tàbí kó dín sí i, wọn ò ní gba VAT lórí rẹ̀. Tó bá ti fi kọ́bọ̀ kan kọjá £39, VAT ti wọlé nìyẹn, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá wá kọjá £135, owó kọ́sítọ́ọ̀mù gan-an, diúti tí a máa ń gbọ́ yẹn, lè tún bá VAT rìn. £39 yìí ló fà á tí gbogbo éjẹ́ǹtì fi ń ní kí ẹ kọ £30, kí ẹ kọ £35. Ẹ rántí pé àwọn tó ń yẹ ẹrù wò lọ́hùn-ún, lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rí £35 lára ẹrù tó wá láti ọ̀dọ̀ wa, ó ti di nǹkan tí wọ́n fi ń mọ̀ wá.

Ohun tí kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kì í ṣe iye ọjà nìkan ni wọ́n ń ṣírò VAT lé. Owó tí ẹ fi gbé ẹrù náà wà níbẹ̀, owó dídì wà níbẹ̀, owó ìnṣọ́ránsì náà wà níbẹ̀. Ká ní ọjà yín jẹ́ £90, ẹ sì san £60 kí wọ́n tó gbé e, £150 ni wọ́n máa wò, VAT rẹ̀ á jẹ́ £30. Ilé iṣẹ́ tó gbé e á wá fi owó iṣẹ́ tiwọn lé e, torí àwọn ló kọ́kọ́ bá yín san án fún ìjọba. Ibẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ gba ẹrù ti máa ń figbe ta pé owó tí wọ́n ń gbà ti fẹ́ tó owó ọjà.

Ti páálí kejì, ẹ má tíì gbé e. Mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

*

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú yín ní kéèyàn kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ ní kékeré, torí kò sí ìdí tí ìjọba kan á fi gba owó lórí èlùbọ́ tí ìyá fi ránṣẹ́ sí ọmọ. Àwọn kan ní kéèyàn má ṣàlàyé kankan, kó kọ "foodstuff" tàbí "personal effects" kó fi mọ síbẹ̀. Bọ̀dá kan ní Jos ní òun máa ń pín ẹrù kan sí mẹ́ta ni, òun á gbé ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la, ọ̀kan lọ́tùnla.

Ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ ìkankan níbẹ̀. Ẹrù mẹ́ta láti ọwọ́ ẹnì kan sí ẹnì kan náà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n lè kó o pọ̀ kí wọ́n kà á sí ẹyọ kan, gbogbo owó tí bọ̀dá fi gbé e lẹ́ẹ̀mẹta á wá já sí òfo. "Foodstuff" ní tiẹ̀, ó dà bí ìgbà téèyàn kọ "nǹkan" síbẹ̀, ohun tí wọn ò bá lè kà lára ìwé, wọ́n á tú u wò ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti iye kékeré yìí, torí ojú mi rí i. Lọ́dún 2019, ìyá kan láti Garki gbé aṣọ òkè wá, òfì tí wọ́n fọwọ́ hun ní Ìsẹ́yìn, aṣọ ìyàwó àti aṣọ ọkọ, ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣègbéyàwó lókè òkun. Mo ní kó kọ iye tó rà á. Ó ní rárá, àbúrò òun ti kọ́ òun, £25 ni òun máa kọ. Páálí yẹn sọnù sójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tó wọlẹ̀ sí títí dòní. Nígbà tí ìyá wá gba owó gbà-má-bínú, ó kó risíìtì àwọn aláṣọ òfì jáde nínú àpò, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ tẹ́ ẹ kó má baà ká padà. Ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i, ó fi ìka sí ibi tí wọ́n kọ £25 sí, àti ibi tó fọwọ́ sí i. Kò fèsì. Ó kó àwọn risíìtì rẹ̀ padà sínú àpò. Owó £25 ni wọ́n san fún un, nítorí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Torí náà, ẹni tó bá ń kọ́ yín pé kí ẹ kọ £30, ẹ bi í léèrè bóyá òun ló máa san ìyókù tí ẹrù bá sọnù.

*

Ta ló kọ ọ́ pé kilíṣí ò ní wàhálà torí pé ó ti gbẹ, kì í ṣe ẹran tútù? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Èmi náà ṣe é rí. Oṣù Kejìlá 2017 ni, àbúrò mi obìnrin wà ní Manchester, ó lóyún, kilíṣí nìkan ló ń wù ú jẹ. Mo ra èyí tó dáa, èyí tó fẹ́lẹ́ tó ń dún kàn-kàn bí ìwé, mo fi bébà dì í lẹ́ẹ̀mejì, mo rì í mọ́ àárín àpò gàrí, mo kó ìró méjì àti aṣọ ọmọ jòjòló lé e lórí. Mo kọ gàrí àti aṣọ sára ìwé. Nígbà tí páálí dé ọwọ́ rẹ̀, ó ya fọ́tò rẹ̀ sí mi. Téèpù tí mo fi dì í kọ́ ló wà lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi ọ̀bẹ la àpò gàrí láti òkè délẹ̀, gàrí dà sí gbogbo aṣọ ọmọ, òórùn yájì wà lára ẹ̀, kilíṣí ò sí níbẹ̀. Bébà kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó sọ pé wọ́n ti yọ ohun tí òfin kò gbà, wọ́n sì ti pa á run. Gàrí tí òfin gbà tẹ́lẹ̀, èmi ni mo bà á jẹ́. Ó ní òun fọ aṣọ ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí òórùn tó kúrò.

Òfin wọn ni pé ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe ò gbọdọ̀ wọlé láti ilẹ̀ wa, ì báà kéré bí èékánná, ì báà jẹ́ pé ẹnu ara ẹni lèèyàn fẹ́ fi jẹ ẹ́. Kilíṣí, súyà, pọ̀ǹmọ́, ṣàkì gbígbẹ, dàm̀bún náámà, wàrà, nọ́nọ̀, gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹja gbígbẹ lè wọlé, wọ́n gbà kéèyàn mú un dé 20 kílò fún jíjẹ ara rẹ̀. Oyin náà lè wọlé, 2 kílò. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìkà ni wọ́n, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn lọ́dún 2001: àrùn tó ń mú màlúù àti àgùntàn lẹ́nu àti pátákò wọlé tọ̀ wọ́n, ẹran tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ni wọ́n pa kí wọ́n tó kápá rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ wọn sunkún. Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí kò lè fojú tí a fi ń wo kilíṣí wò ó.

*

Ẹ̀wà. Ẹni mẹ́rin ló ti béèrè bóyá àwọn lè fi ránṣẹ́. Oṣù Kẹfà 2015 ni European Union ti ní kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má wọlé tọ̀ wọ́n mọ́, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà láàárín wọn nígbà yẹn. Oògùn kòkòrò ni wọ́n rí lára rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ dichlorvos, òun náà ni èyí tí wọ́n ń tà ní ìgò ní gbogbo ọjà wa, tí NAFDAC fi òfin de ìgò rẹ̀ kékeré ti 100ml lọ́dún 2019. Àwọn kan máa ń fọ́n ọn sínú àpò ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára torí pé ẹ̀wà yẹn náà la sì ń jẹ nílé. Ó sì ní ọ̀nà tí kò mú oògùn lọ́wọ́: àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, ọ̀rá méjì wà nínú rẹ̀, àpò wà lóde, téèyàn bá so ó dáadáa afẹ́fẹ́ ò ní wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á kú fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ra ẹ̀wà ní Dawanau ní Kano mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀wà fún yín irú àpò tó fi tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ká kó o ránṣẹ́ sí Yúróòpù, ẹ gbàgbé ẹ̀ ná.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá fi ìrú ránṣẹ́, "fermented locust beans" ni wọ́n ń pè é lára ìwé, àwọn kan á rí "beans" wọ́n á rò pé ẹ̀wà ni. Ẹ kọ ọ́ pé ohun ìsebẹ̀ ni, pé èso igi ni. Ẹ sì gbẹ ẹ́ dáadáa, ìrú tútù máa ń jò.

*

Bọ̀dá tó kọ̀wé láti Kaduna, tó fẹ́ fi ère onígi àti orí amọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Jámánì: ẹ dúró ná, ẹ má tíì gbé e lọ síbì kankan. Ohun àtijọ́ ò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé lọ́wọ́ àjọ tó ń mójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, NCMM. Ẹ máa ní tuntun ni tiyín, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ lọ́dún tó kọjá ni. Mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n Kaduna tí ẹ wà yẹn ni ìlú Nok wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hú àwọn ère amọ̀ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, àwọn olè sì ti kó o lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Òṣìṣẹ́ tó dúró sí éápọ́ọ̀tù ò lè fojú lásán mọ̀ èyí tó jẹ́ tuntun yàtọ̀ sí ti Nok. Ẹ gbé ère yẹn àti fọ́tò rẹ̀ lọ bá àwọn NCMM, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún yín ní ìwé pé kì í ṣe ohun àtijọ́. Ìwé yẹn ni kí ẹ fi sí ara ẹrù. Tó bá jẹ́ pé àpótí onígi lẹ máa kó o sí, kó jẹ́ igi tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, tó ní òǹtẹ̀ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní ISPM 15 lára, tí kò bá ní in wọ́n lè dá a padà nítorí kòkòrò inú igi.

*

Ẹnì kan fìbínú kọ̀wé pé, "Kí ló dé tí ẹ ń dá àwa lẹ́bi, ìjọba wa níbí gan-an ni wàhálà, ìwé wọn ti pọ̀ jù." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Mi ò ní sọ pé ìwé ò pọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì là ń lù pọ̀. Ẹni tó ń fi páálí kan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ò nílò ohun tí ẹni tó ń ta ọjà nílò.

Tí ẹ bá ń tà á, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ tó ń mójú tó ọjà tó ń jáde nílẹ̀ yìí, Abuja níbí ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, ẹ ò nílò àtilọ sí Èkó. Báńkì yín ló máa bá yín ṣe fọ́ọ̀mù NXP, òun ni ìwé tó sọ fún ìjọba pé ọjà báyìí ń jáde, owó rẹ̀ á sì padà wálé. Owó kan wà tí wọ́n ń pè ní NESS, ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ọjà ni. Tó bá jẹ́ ohun ọ̀gbìn, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò, pé kò ní àrùn, ewédú àti ewébẹ̀ tútù gan-an nílò rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa rí i pé ẹlẹ́ẹ̀kejì á rọrùn.

Ẹ sì wo ohun tí òfin tiwa ò gbà kó jáde: àgbàdo, pákó tí wọn ò tíì fi ṣe nǹkan, awọ tútù tí wọn ò tíì parí iṣẹ́ lára rẹ̀, àwọn ajókù irin, ẹranko tó ń tán lọ àti ohun tí wọ́n fi ara wọn ṣe. Àwọn tó ń ra bàtà awọ òjòlá àti awọ ọ̀nì ní Kano, ẹ gbọ́ o. Ó lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n láìsí ìwé CITES, ìyẹn ìwé àṣẹ àdéhùn àgbáyé lórí ẹranko tó ń tán lọ, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín, níbí tàbí lọ́hùn-ún.

Awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ti ṣe tán, tí wọ́n ti fi rán àpò, ìyẹn ò ní wàhálà. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń rán àpò ní Kano àti Sokoto fetí sí mi. Láti oṣù Kẹfà 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní DCTS, Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjà tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é lóòótọ́ ń wọlé láìsan diúti. Ṣùgbọ́n kò lè ṣẹlẹ̀ tí ẹ ò bá kọ ọ́ sára ìwé ọjà pé Nàìjíríà ló ti wá, kí ẹ sì lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nọ́ńbà ọjà náà tún wà níbẹ̀, HS code, 4202 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ àpò. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó kọ "gift" sára àpò awọ ogún, owó tó ń sá fún ló wá san ní ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ ká ní ó kọ òtítọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí diúti rẹ̀ já sí òdo.

Àǹkárá ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Èyí tí wọ́n ń tà ní Kantin Kwari, ọjà aṣọ ní Kano, ẹ yí etí rẹ̀ wò, "Made in China" ló wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí ẹ bá kó yáàdì rẹ̀ lásán ránṣẹ́, ẹ má kọ Nàìjíríà sí i.

*

Kíákíá, fún àwọn tó ń béèrè bí páálí kílò mẹ́sàn-án ṣe di kílò mọ́kàndínlógún lọ́dọ̀ éjẹ́ǹtì: kì í ṣe ojúṣàájú. Wọ́n wọn gígùn, fífẹ̀ àti gíga páálí yín ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n fi wọ́n lọ́po ara wọn, wọ́n fi 5,000 pín in. 60 lọ́nà 40 lọ́nà 40 jẹ́ 96,000, ẹ pín in, 19.2 ni. Èyí tó bá pọ̀ jù láàárín ìwọ̀n àti àyè tó gbà ni wọ́n máa gba owó lé. Ẹ wá páálí tó mọ níwọ̀n, ẹ gé etí rẹ̀ wálẹ̀ tí àyè bá ṣẹ́ kù.

*

Amẹ́ríkà ti yí padà o, àwọn kan nínú yín ṣì ń sọ ti àtijọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹrù tí kò bá ju $800 lọ máa ń wọlé láìsanwó. Láti 29 oṣù Kẹjọ 2025 wọ́n ti fòpin sí i fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ̀bùn gidi tí kò ju $100 lọ ṣì wà ní àyè tirẹ̀. Oúnjẹ tó bá jẹ́ ti títà, wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ fún FDA, àjọ wọn tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kó tó dé. Kánádà ní tiwọn, iye tí ọjà kò gbọdọ̀ kọjá kó tó lè wọlé láìsanwó kéré gan-an, dọ́là Kánádà 20, ti ẹ̀bùn sì jẹ́ 60.

Ẹni tó béèrè ti ẹrù tó ń bọ̀ wálé, kọ́sítọ́ọ̀mù wa náà ti ṣe tiwọn láti 8 oṣù Kẹsàn-án 2025: ọjà tí kò ju $300 lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, kò ní diúti. Òkìrìkà ò sí nínú rẹ̀, òfin ò gbà á wọlé rárá.

*

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, torí ẹnì kan kọ ọ́ pé ọ̀nà tó rọrùn jù ni kéèyàn bá ẹni tó ń rìnrìn àjò sọ ọ́, kó bá òun mú àpò gàrí kan dání.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má gba àpò tí ẹ ò fọwọ́ ara yín tú. Ìparí 2018, ọmọbìnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Kano, òun àti ìyá rẹ̀ lọ ṣe Úmúrà, àwọn ẹni ibi ní éápọ́ọ̀tù kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àpò tí tramadol wà nínú rẹ̀. Àtìmọ́lé Saudi ló wà títí di ìparí oṣù Kẹrin 2019. Kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oṣù Kẹjọ 2025, ó tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́ta tó gba Kano lọ Jeddah, àpò tí kì í ṣe tiwọn, orúkọ wọn ló wà lára rẹ̀, NDLEA ló bá wọn jà á kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Àwọn yìí ò tiẹ̀ gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wá lẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á fẹ́ sọ?

Lọ́dọ̀ mi, mo máa ń da gàrí sínú ọpọ́n. Mo máa ń já edé wò, mo máa ń fi ọwọ́ tẹ gìgísẹ̀ bàtà, mo máa ń tú etí páálí. Bàbá kan bú mi lọ́dún kan, ó ní ṣé olè ni òun ni. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò gbé e láìtú u. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ síbòmíì. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

*

Àǹtí tó ni ọ̀rọ̀, mo ti padà dé o. Mo rí i tí ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ní òun ò ní gba páálí náà mọ́, kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fúnni láti sanwó, ẹ ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Tó bá kọ̀ ọ́, wọ́n á dá a padà tàbí kí wọ́n pa á run, gbogbo wàhálà yín lórí kàfútáànì mẹ́fà á lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ béèrè pé risíìtì wo lẹ fẹ́ mú wá nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ rán an. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, sórí bébà tó ní orúkọ yín, àdírẹ́sì yín àti déètì: iye aṣọ, iye òwú àti bọ́tìnì, owó iṣẹ́ yín, iye tó jẹ́ lápapọ̀ ní náírà àti ní pọ́ùn. Ẹ so risíìtì aláṣọ mọ́ ọn tí ẹ bá ṣì ní in. Kí ẹ̀gbọ́n yín sọ fún wọn pé iye tí ẹ kọ́kọ́ kọ ò tọ́, pé èyí ni iye rẹ̀ gan-an, pé ẹran gbígbẹ wà níbẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́. Kó sanwó, kó gba ẹrù. Tó bá rí i pé wọ́n gbà ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè kọ̀wé lẹ́yìn náà kí wọ́n tún un wò, kó ṣáà tọ́jú gbogbo bébà tó wà lára páálí.

Ẹ ní kí n sọ ẹni tó jẹ̀bi. Éjẹ́ǹtì yín gbà yín ní ìmọ̀ràn burúkú, ó sì yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ tó ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ló fọwọ́ sí ìwé, àǹtí, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi. Ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ ní kó má bínú, òun ló ń san owó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Páálí kejì, ẹ tú u. Ẹ yọ kilíṣí, ẹ fún àwọn ọmọ jẹ. Ẹ ya aṣọ tí ẹ fẹ́ tà kúrò lára oúnjẹ, kó jẹ́ páálí méjì, kí ọ̀kan má baà dá èkejì dúró. Lára ti aṣọ, ẹ kọ ọ́ báyìí: "men's kaftan, new, cotton", iye wọn, iye ọ̀kọ̀ọ̀kan, Nàìjíríà ni wọ́n ti rán an, ti títà ni. Lára ti oúnjẹ: "dried yam flour", kílò mélòó, "ground melon seed", kílò mélòó, ìrú bí mo ṣe sọ ọ́ lókè. Ẹ má kọ èlùbọ́ nìkan, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀, ìyẹ̀fun dúdú tí kò lórúkọ nínú ọ̀rá sì máa ń já wọn láyà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá náà mọ́ gaara kí wọ́n lè máa rí inú rẹ̀ láìfi ọ̀bẹ là á.

Tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí kí n bá yín wò ó kí ẹ tó gbé e jáde ní Lugbe. Ọjọ́ Àbámẹ́ta mo máa ń wà nílé láti aago méjì, mo máa dáhùn.